Lẹ́tà Bàbá Rẹ Tó Sọnù Sínú Kọ̀ǹpútà Mi

Ṣọ́ọ̀bù Ìtẹ̀wé,
Ọ̀nà Ọjà,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọ̀sán Sátidé.

Yétúndé ọmọ mi, ìyá ọkọ mi,

Bí o kò bá tíì jẹun, gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ kí o lọ jẹun, torí ó gùn, ìwọ náà sì mọ̀ pé láti kékeré ni ebi kì í ti í jẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdí. Àlàáfíà ni mo wà. Orúnkún ṣì ń dùn mí bí mo bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mo ń dé ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Àwọn ará Ìrèlè kí ọ, wọ́n ní ìgbà wo lo ń bọ̀.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti Ìbàdàn, mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ò ń rẹ́rìn-ín. O ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí gbé dísìkì kan fún ọ, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ẹjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí o wá sọfítíwíà tí yóò ka gbogbo rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ yóò jáde. O ti dán mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́ fẹ́ kó ìwé oníwé lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èkejì kò mọ̀ ju orúkọ fáìlì lọ, kì í wo inú wọn. Ẹ̀kẹta ló dára jù, ó ní òun ti ka gbogbo rẹ̀ tán, àmọ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ béèrè ìwé ilẹ̀ ìdílé kan, o tẹ orúkọ ìdílé náà, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ọ̀gá rẹ wò ọ́ láti òkè délẹ̀, ó ní òpin oṣù ni òun fún ọ mọ. O wá sọ fún mi pé, "Màmá, bóyá iṣẹ́ yìí kọ́ ni tèmi. Bóyá kí n kúkú máa bọ̀ nílé."

Mo bi ọ́ pé, "Báwo ni àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn ṣe máa ń pe ara wọn?" O ní o kò mọ̀, pé o máa wádìí. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ o tún pè, ayọ̀ kún ẹnu rẹ. O ní inagijẹ bàbá ńlá wọn ni wọ́n ń lò nínú gbogbo ìwé náà, àti pé bí o ṣe tẹ inagijẹ yẹn báyìí ni ìwé mọ́kànlá tú jáde. O ní, "Màmá, ẹ mà gbọ́n o." Ọmọ mi, kì í ṣe ọgbọ́n. Nǹkan tó ti ń dùn mí láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje ló kọ́ mi.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n simi. Lẹ́tà kan wà tí bàbá rẹ ní kí n tẹ̀ fún ọ kí wọ́n tó kú. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Wọ́n ní kí n fún ọ lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ ríṣẹ́. Mo sọ ọ́ nù sínú kọ̀ǹpútà mi, n kò sì sọ fún ọ rí pé lẹ́tà kankan wà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá a, tí mo ń sọ̀rètí nù, tí mo tún ń wá a. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé gígùn yìí nìyẹn. Ìmọ̀ràn tí o ń fẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ wà nínú rẹ̀, torí ibi tí mo ti ṣìnà gan-an ni ìwọ náà dúró sí báyìí. Fara balẹ̀ kà á, má fo ojú ewé kankan lọ wo ìparí, mo mọ̀ ọ́.

Taipuráítà ni mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge tí ìbàdí mi kò ju ti agbọ́n lọ. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn èèyàn á wá láti Ìsàn, láti Ọyẹ́, láti Ìrèlè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n á gbé àpò iṣu ti ara ògiri, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀. Ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ìpàdé, ètò ìsìnkú, ìwé àdéhùn oko kòkó. N kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bí àwọn àgbẹ̀ yẹn. Bàbá kan á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́, á tẹ́tí sí bí taipuráítà ṣe ń dún. Bí ó bá dákẹ́, á sọ òmíràn. Mo fẹ́ràn ìró yẹn púpọ̀. Títí dòní, bí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí kì í dún yìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé iṣẹ́ kò lọ.

Ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ ti bá mi. Tísà ni wọ́n, ṣùgbọ́n oko ni ọkàn wọn wà. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì wọn ni wọ́n gbé wá, ojú ewé méjì péré, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé e wá. Lónìí wọ́n á ní mo fo ìbéèrè kan. Lọ́la wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi ìbéèrè kan kún un. Nígbà tó yá mo ní, "Tísà, àwọn ọmọ yín ti máa ṣe ìdánwò yìí tán kí ẹ tó parí ẹ̀." Wọ́n ní kì í ṣe ìdánwò àwọn ọmọ ló kù, ìdánwò tiwọn ló kù. Bí mo ṣe di ìyàwó Ìrèlè nìyẹn.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ti inú ipò ìyàwó yẹn jáde. O mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti bí sílé kí n tó wọlé, ọkọ mi ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Mo fún gbogbo wọn lórúkọ: Akọ̀wé, Adúmáradán, Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán. Nígbà tí mo wá ra kọ̀ǹpútà, ọdún tí mo lóyún rẹ, tí kọ̀ǹpútà sì ń béèrè pé orúkọ wo ni kí òun fi pa fáìlì mọ́, ṣé kí n wá tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní gbangba bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo ń tẹ Akọ̀wé kìíní, Akọ̀wé kejì, Adúmáradán ìpàdé. Ó wá mọ́ mi lára, gbogbo oníbàárà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ìyá Aláṣọ Búlúù. Bàbá Tó Ń Wúkọ́. Ọmọ mi, mélòó nínú wọn ni aṣọ wọn ṣì jẹ́ búlúù lọ́dún kejì?

Nígbà tí Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yẹn, kú, ọmọ rẹ̀ àgbà wá bá mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, bàbá mi ní ìwé kan lọ́dọ̀ yín nípa ààlà oko wa. Josẹ́fù lorúkọ wọn." Mo wá Josẹ́fù láti òwúrọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Mo ní kò sí. Wọ́n lọ fi ẹnu àwọn àgbà kọ òmíràn, ìyẹn sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn tí oko wọn jọ pààlà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo ń wá nǹkan mìíràn, mo ṣí Akọ̀wé kẹrin. Òun ló wà níbẹ̀, ààlà tòun tigi àti òkúta tí wọ́n fi sàmì sí i. Mo gbé e lọ sí Ìrèlè fúnra mi, mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé. Ọmọ yẹn wò mí, ó ní, "Ìyàwó, ẹ̀yin nìkan lẹ kúkú mọ ẹni tó ń jẹ́ Akọ̀wé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní: fáìlì tí ìwọ bá tẹ̀, fún un lórúkọ tí ẹni tí kò rí ọ rí lè fi wá a. Ṣùgbọ́n má retí pé àwọn tó ṣáájú rẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ́fíìsì yín, obìnrin kan wà tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ kìíní, tó ní ìwà tirẹ̀ àti ìtìjú tirẹ̀. Wá a kàn. Bí ó bá ti fẹ̀yìn tì, mú ọsàn dání lọ sílé rẹ̀. Wákàtí kan pẹ̀lú rẹ̀ á ṣe ọ́ láǹfààní ju sọfítíwíà mẹ́ta lọ.

Ìkejì. O mọ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n to ìlà àkọ́kọ́ orin kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, bí o bá ti mọ ìlà àkọ́kọ́, o ti rí orin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìyá àgbà kan wà tí kì í rántí ìlà àkọ́kọ́ orin kankan. Àárín ẹsẹ̀ kẹta ló máa ń rántí. Á dìde lọ́jọ́ ìdúpẹ́, á ní kí a bá òun kọ orin kan tó sọ̀rọ̀ odò nínú, gbogbo wa á máa ṣí ìwé wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, àlùfáà á máa wò wá. Bàbá kan láàárín àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ló gbà wá. Ó ra ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé, ó fi ọ̀pọ̀ oṣù ka ìwé orin náà láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, ó sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní láárí sílẹ̀: odò, òkè, ọ̀nà, ilé, àti nọ́ńbà gbogbo orin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá yẹn kì í tíì parí gbólóhùn rẹ̀ tí bàbá yẹn á ti pe nọ́ńbà.

Nǹkan tí sọfítíwíà tí ò ń wá ń ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń wo orúkọ fáìlì nìkan ń wo ìlà àkọ́kọ́. Èyí tí o nílò gbọ́dọ̀ ka inú ìwé, kí ó kọ àtòjọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dá ọ lóhùn. Bí àwọn tó ń tà á bá ń yìn ín fún ọ, béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wọn kí o tó gbọ́ ìyókù: ṣé inú ìwé ló ń kà, àbí ẹ̀yìn rẹ̀?

Mo fẹ́ dé ibi tí mo ti sọ lẹ́tà nù báyìí. Ó ń ṣòro fún mi díẹ̀, torí náà mo dìde lọ mu omi.

Ọdún tí o wà ní pírámárì kejì, àìsàn ti wọ bàbá rẹ lára. Ojú wọn kò ríran kọ̀wé mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n fi ọ̀pá rìn wá láti ilé, wọ́n simi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà. Oníbàárà kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Yétúndé, ẹ jẹ́ kí n parí èyí tó wà lọ́wọ́ mi." Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ bóyá àwọn á tún lè rìn dé ibẹ̀ lọ́la. Ṣé mo wá lè ṣí fáìlì mìíràn kí n máa ronú orúkọ tí màá fún un? Mo kàn sún ìwé onítọ̀hún sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ti bàbá rẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní tó bá yá, màá yà á sọ́tọ̀.

Wọ́n ń sọ, mo ń tẹ̀. Nígbà tí mo ka apá kan fún wọn, wọ́n ní, "Mo ń sọ ulé, ìwọ ń tẹ ilé. Lẹ́tà ta ni?" Mo ní bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé nìyẹn. Wọ́n ní tísà ni àwọn, àwọn mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo pa á rẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n sọ gbólóhùn kan nípa mi, mo ní n kò ní í tẹ ìyẹn, pé àlejò ń gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Oníbàárà ní òun ń lọ o. Mo pa fáìlì mọ́, mo tẹ ojú ewé tirẹ̀ jáde fún un, mo sin bàbá rẹ dé ẹnu ọ̀nà. Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi lọ.

N kò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí mo máa padà, òjò ti jò sórí ẹ̀rọ náà, ẹni tó tún un ṣe ti kó gbogbo fáìlì sórí dísìkì mìíràn, ó sì dà wọ́n pọ̀ sójú kan. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo wá rí i pé n kò rántí ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí bí ọ̀pá bàbá rẹ ṣe dún lórí sìmẹ́ńtì. Mo rántí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Ojú oníbàárà yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá, orúkọ tí mo fi pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ kò sì wá.

Yétúndé, nǹkan tó bá ṣe pàtàkì sí ọ, yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Tó bá yá" tí mo sọ yẹn, kò yá mọ́.

N kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà mọ́, jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀. Mo wọ takisí lọ sí Ìfàkì lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo ní kó fún mi ní ohun tó lè wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì. Ó ṣe ẹ̀dà èyí tí wọ́n jí, tí wọn kò sanwó rẹ̀, fún mi. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo ètò ìsìnkú tí mo tẹ̀ lọ́dún náà. Mo ń gbàdúrà pé kí lẹ́tà náà má sí lára wọn. Torí náà, sọfítíwíà tí ẹni tó ṣe é fọwọ́ sí pé kí èèyàn lò ni kí o lò, ọ̀pọ̀ ń bẹ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò lábùkù. Kí ó jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín láìjáde síta, torí àṣírí èèyàn ló wà lọ́wọ́ yín. Má sì kọ́kọ́ dán an wò lórí dísìkì gan-an. Ṣe ẹ̀dà, kí o fi ẹ̀dà ṣeré.

Èyí tún wà o. Mo kó ìwé tí mo tẹ̀ láyé taipuráítà, mo fi ẹ̀rọ ya àwòrán wọn sínú kọ̀ǹpútà, mo rò pé mo gbọ́n. Mo wá ọ̀rọ̀ nínú wọn títí, pàbó. Àwòrán ọ̀rọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kò lè kà wọ́n bí kò bá ní ojú fún un. Nínú dísìkì yín, á ju ẹyọ kan lọ tó rí bẹ́ẹ̀. Yà wọ́n sọ́tọ̀, kí o wá èyí tó lè sọ àwòrán di ọ̀rọ̀ fún wọn, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohunkóhun.

Nígbà tí mo wá rí sọfítíwíà gidi, ó ní kí n dúró kí òun ka fáìlì mi tán. Ó ń kà, ó ń kà, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ìkánjú kò jẹ́ kí n wò ó bóyá ó parí. Mo tẹ Yétúndé. Ó ní kò sí. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún gidi, tó fi jẹ́ pé aládùúgbò mi tó ń rán aṣọ wá kí mi, ó rò pé wọ́n túfọ̀ ẹnìkan fún mi. Mo gbà lọ́kàn mi pé lẹ́tà ti lọ. Mi ò ronú kàn án pé ìdajì ni ẹ̀rọ kà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀. Kí ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó kà á tán. Lẹ́yìn náà, fi ohun tí ó dá ọ lójú pé ó wà níbẹ̀ dán an wò. Bí kò bá rí ìyẹn, má gbà á gbọ́ nígbà tó bá ní nǹkan mìíràn kò sí.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá, o wá sílé, o fi sọfítíwíà tuntun sí kọ̀ǹpútà fún mi, o sì jẹ́ kí ó kà á tán, a tan jẹnẹrétọ̀ sí i. O ní, "Màmá, kí ni ká fi dán an wò?" Mo ní orúkọ rẹ. O rò pé ìfẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù iléèwé rẹ jáde, ètò ìsìn ìdúpẹ́ rẹ jáde, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ jáde. Ò ń rẹ́rìn-ín, o ní mo mà tẹ orúkọ rẹ púpọ̀ o. Mo ní mò ń lọ wo ìkòkò. Kò sí ìkòkò lórí iná, ọmọ mi. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ ti ka ohun gbogbo tán lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí lẹ́tà bàbá rẹ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí wá ni mo bi ọ́ pé báwo ni àwọn onílẹ̀ ṣe ń pe ara wọn. Bí o ṣe pa fóònù, ìbéèrè náà kò kúrò létí mi. Ó yíjú padà sí èmi náà. Báwo ni bàbá rẹ ṣe ń pè ọ́?

O kéré, bóyá o kò rántí. Ọdún tí ìyá wọn kú ni mo lóyún rẹ. Yétúndé la sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu bàbá rẹ lọ́jọ́ kan. Yèyé mi ni wọ́n ń pè ọ́. Bí inú bá ń bí wọn pàápàá, wọ́n á ní, "Yèyé mi, ta ló da omi yìí?" Ẹni tí kò fi ẹnu pè ọ́ ní Yétúndé rí, ṣé inú lẹ́tà ni yóò ti wá bẹ̀rẹ̀? Èmi tí n kò lè pe Akọ̀wé lórúkọ, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ Yèyé mi. Fáìlì kan ṣoṣo jáde, Bàbá Tó Ń Wúkọ́. Mo ṣí i, mo rí ìwé ìpàdé àwọn oníkòkó Ìgbólé, ọ̀rọ̀ oògùn kòkó àti ẹni tí kò wá sí ìpàdé. Ó kù díẹ̀ kí n pa á dé. Mo sún un sókè, mo tún sún un. Ohun tí mo rí nísàlẹ̀ ibẹ̀ nìyí, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ó wà nínú àpòòwé yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọwọ́ mi kọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan:

"Yèyé mi, ìyá rẹ ló ń tẹ ìwé yìí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ẹnu mi ṣe. Bí o bá ń ka èyí, a jẹ́ pé o ti ríṣẹ́. Mo bá ọ yọ̀. N kò mọ irú uṣẹ́ tó jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lójú rẹ, yóò dà bíi pé gbogbo wọn mọ̀ ọ́n ṣe àfi ìwọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi ní kíláàsì àkọ́kọ́ tí mo kọ́. Mo kọ orúkọ ara mi sójú pátákó, mo ṣì í kọ, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí uṣẹ́ bá le, béèrè. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, bá wọn rẹ́rìn-ín, kí o tún béèrè. Bí ó bá le jù, máa bọ̀ ní ulé. Ulé kò ní í bi ọ́ pé kí lo mú bọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jẹun, kí o sùn, kí o tún padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. O le bí ìyá mi, n kò sì rí ohun tó borí ìyá mi rí."

Ibẹ̀ ló parí sí nínú ẹ̀rọ.

Mo bẹ̀ ọ́, má bínú sí mi. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá sọ fún ọ pé lẹ́tà wà tí n kò rí i, wàá pàdánù bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀bi mi ni yóò sì jẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dá a gbé lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun kan. Kò sí sọfítíwíà tó lè rí i fún ọ, bó ti wù kó dára tó, torí n kò tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn tí mo ní àlejò ń gbọ́ yẹn ni. Láti ìgbà tí mo ti rí lẹ́tà yìí, mo ti ń ronú pé bí mo bá kú, kò sí ibi kankan láyé tí wọ́n ti lè rí i mọ́. Nítorí náà mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Wọ́n ní, "Fi kún un pé, Yèyé mi, má jẹ́ kí ìyá rẹ máa dá jẹun. Kì í jẹun yó bí kò bá rí ẹni bá jiyàn."

Mo kọ ọ́. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa, má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ ọkọ̀ òwúrọ̀. Iṣu Ìsàn wà nílẹ̀, màá gún iyán èèyàn méjì.

Ìyá tó bí ọ, tí í ṣe ìyàwó rẹ ní Ìrèlè.